Ọjọ́ Tí Bàbá Rélùwéè Rákòrò Yí Pálọ̀ Ká

Ẹni tí kò bá rí àga, kó fa àpótí yẹn mọ́ra. Odó nìkan ni kí ẹ má jókòó lé, ẹ mọ bí Ìyá Ìbejì ṣe ń ṣe tó bá ti kan ọ̀rọ̀ odó rẹ̀. Òun náà ló ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, òun àti ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó ti ọjà dé. Tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ibi tó dùn jù níbẹ̀ ló máa ń fò.

Ṣé ẹ mọ Bàbá Rélùwéè? Ìbéèrè wo tiẹ̀ ni mò ń bi yín yìí! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin tó fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tó ti fẹ̀yìn tì, tí aago rélùwéè kò sì tíì kúrò lára rẹ̀: aago kan géérégé ni àmàlà ọ̀sán, bí ọbẹ̀ jinná, bí kò jinná. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ọkọ̀ bá ṣì wà ní Òmí-Àdió, òun á ti mọ̀ láti Dùgbẹ̀ bóyá èrò ló kó ni tàbí ẹrù. Ṣé òótọ́ ni? Èmi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti pálọ̀ rẹ̀. Bí mo bá yọ́ ìkòkò ṣí láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á bi mí pé, "Aládùúgbò, ṣé ẹ̀wà yẹn jinná?" Etí nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, Táyé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Manchester, fi sípíkà méjì ránṣẹ́. Sípíkà onígi, tó ń dán, tó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iléèwé. Gbogbo agboolé jáde wá wò ó bí ẹni wo ìyàwó tuntun. Bàbá wo iwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó yí i padà, ẹ̀rín bá kú. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀! Ihò róbótó kan báyìí, tí ọwọ́ àgbà lè wọ̀. Ó yí èkejì: ihò. Sípíkà tó ti ń lò láti ìgbà ìjọba Gowon, iwájú ni ihò tirẹ̀ wà, níbi tí ojú gbogbo èèyàn tó o. Ló bá pe Táyé lórí fóònù: "Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ o, wọ́n ti lu ihò sí i lẹ́yìn." Táyé ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá ní ta ló ń kan àpótí tán tó tún ń dá ihò sí i nídìí?

Fọ́ọ̀mù róbótó méjì kan tún wà nínú páálí náà, ó rọ̀, ó rí bí àkàrà. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyá Ìbejì kó wọn lọ sí kíṣìnnì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn síbẹ̀ ná, a máa padà sídìí ẹ̀.

Níbo ni wọ́n gbé sípíkà sí? Níbo ni ẹ̀yin náà gbé tiyín sí? Ẹ má purọ́ fún mi o, mo ti dé pálọ̀ gbogbo yín. Wọ́n tì í mọ́ ògiri gbáà, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan ní igun òsì, bí ọlọ́dẹ méjì lẹ́nu géètì báǹkì. Ìyá Ìbejì ló pàṣẹ, torí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè. Ẹ mọ kọ́bọ́ọ̀dù náà, èyí tó kó àwọn abọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sí, tí ẹnì kankan ò tíì fi jẹun láti ọjọ́ náà. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá kí wọn, abọ́ ike ló fi bu ìrẹsì fún un. Ó ní àlejò tí òun ń tọ́jú abọ́ yẹn dè kò tíì dé. Ta ló kù? Póòpù? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, sípíkà.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n tàn án. Haruna Ishola ni Bàbá kọ́kọ́ fi sí i, torí àpàlà ló fi ń dán gbogbo nǹkan wò. Ká ní fíríìjì ló rà, àpàlà ni ì bá fi ṣí i. Gbogbo wa ti gbádùn orin yẹn lára sípíkà àtijọ́, a mọ bí agídìgbo ṣe máa ń rìn nísàlẹ̀, kó sọ tibí kó sọ tọ̀hún. Lọ́jọ́ yìí, agídìgbo ò sọ nǹkan kan. Hùùm ló ń ṣe. Béèsì náà kàn wọlé, ó jókòó, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde. Lúfà ojú fèrèsé ń pàtẹ́wọ́. Àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n. Nínú yàrá tèmi, ife tí mo gbé sórí pẹpẹ rìn títí ó fi dé etí pẹpẹ, mo sáré gbá a mú. Bàbá ní, "Wọ́n ní bí òwe ni wọ́n ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o. Èyí tí mò ń gbọ́ yìí, ọlọ́gbọ́n wo ló fẹ́ jó o?"

Ó yọ ọ́, ó fi ti Sunny Ade sí i. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Télọ̀ fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní béèsì náà ti pọ̀ jù, inú òun ń gbọ̀n. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ láàárín pálọ̀, ó ní irọ́ ni, béèsì kò tó, ohùn kan tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ gìtá tí kò dé ọ̀dọ̀ òun rárá. "Bàbá, ó pọ̀ jù!" "Mo ní kò tó!" Ẹ ṣáà mọ Bọ̀dá Télọ̀, ẹni tó rán ṣòkòtò fún ọkọ ìyàwó lọ́dún kan, tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, tó ní ẹsẹ̀ oníbàárà ni kò dọ́gba. Kì í gbà. Wọ́n ṣe é títí iná fi lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Ẹ dúró ná.

Bàbá ti mú arúfin tirẹ̀: ihò ẹ̀yìn. Ó ní bí omi tí ń tú láti ẹnu rọ́bà ni béèsì ń tú láti inú ihò yẹn, tó ń lu ògiri, tó ń ta padà. Kí lèèyàn ń ṣe fún ihò? Ó ń dí i ni. Lálẹ́ Sọ́ńdè, sọ́ọ̀kìsì funfun ọmọọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn di àwátì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, igbe ni. Wọ́n wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá orí okùn aṣọ, Ìyá Ìbejì fẹ̀sùn kan ewúrẹ́ ará iwájú. Bàbá ń mu ògì lọ ní tirẹ̀, kò fọhùn. Ọmọ yẹn fi sọ́ọ̀kìsì aláwọ̀ ewé ọjọ́ eré ìdárayá lọ síléèwé, tíṣà sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, sọ́ọ̀kìsì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Hùùm yẹn dínkù. Ṣùgbọ́n ohùn náà gbẹ, bí ẹ̀bà tí omi kò kárí, bí ẹ bá sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó ṣì bá béèsì níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ọmọńlé kan tó ti sọ ihò òsì di ilé tiẹ̀ ló jìyà jù. Ó bá sọ́ọ̀kìsì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń yí ẹ̀yìn sípíkà ká bí ẹni tí onílé ti ìta mọ́.

Ọlọ́run ló rán Injiníà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì ni, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná ní yunifásítì. Ó dé fún họlidé, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn sípíkà, ó fa sọ́ọ̀kìsì yọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo àjà.

"Àǹtí," Injiníà ní, "fọ́ọ̀mù tó bá a wá ńkọ́? Òun ni wọ́n ṣe láti fi dí i bí èèyàn kò bá ráyè gbé e kúrò lára ògiri." Ìyá Ìbejì wọ kíṣìnnì lọ, ó sì mú ohun tó kù nínú fọ́ọ̀mù náà jáde wá, ó ti já, ó ti pọ́n fún epo, ọṣẹ ṣì ń kán lára ẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn ìfọkòkò ló ti fi í ṣe láti oṣù méjì. Ó ní ó fọ ìkòkò mọ́ ju ti ọjà lọ!

Ọmọ yẹn kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ wà lára ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgò òfìfo. Ó gbé e sétè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìgò ké hùùù. Ó rọ omi sí i dé ìdajì, ó tún fẹ́ ẹ, ohùn ga sókè. Ó ní afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò ló ń fò bí sípíríǹgì, tí èyí tó wà lọ́rùn ìgò ń lọ sókè sódò lórí rẹ̀. Helmholtz, ará Jámánì kan, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti ohun tó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn. Bákan náà ni àpótí sípíkà pẹ̀lú ihò rẹ̀: ìgò ńlá ni. Nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀ débi tí ojú sípíkà fẹ́ máa rẹ̀, ihò á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á bá a ké e. Ará Amẹ́ríkà kan, Albert Thuras, ló lọ forúkọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn ní 1930, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ ní 1932. Bàbá ní ṣé lóòótọ́? Agídìgbo Haruna Ishola ńkọ́, àpótí tó níhò kọ́ ni? Ṣé Thuras ló dá ìyẹn náà? Injiníà ní rárá o, Bàbá. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá ti fẹ́ràn ọmọ yẹn.

"Ihò ò ṣẹ̀," Injiníà ní. "Àyè ìmí nìkan ló ń wá, bí ìbú ọwọ́ méjì sí ògiri, kó má baà máa fọn. Bó jẹ́ iwájú ló wà, bákan náà ni ì bá rí. Ògiri yín ni ẹ mú."

Ẹ wo bó ṣe là á yé wa. Pálọ̀ Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà 14 ni gígùn, 12 ni fífẹ̀. Ohùn gìtá béèsì, okùn tó nípọn jù tí wọn kò fọwọ́ tẹ̀, ìgbà 41 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ooru bíi tiwa yìí, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ pín in: ìgbì kan ṣoṣo nínú ohùn yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 28 ni gígùn ẹ̀. Ó gùn ju pálọ̀ lọ ní ìlọ́po méjì! Báwo wá ni yóò ṣe máa tú jáde láti inú ihò bí omi rọ́bà? Ibi gbogbo ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Tó bá bá ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ògiri á tì í síwájú, agbára rẹ̀ á lé sí i. Tó bá wá jẹ́ igun, ògiri méjì àti ilẹ̀ ló jọ ń tì í. Ẹni tó gbé sípíkà sígun, gbohùngbohùn mẹ́ta ló yá fún un.

Èyí tó tún wá burú ni pé 14 jẹ́ ìdajì 28 gẹ́lẹ́. Ohùn yẹn bọ́ sáàárín ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn bí ìdérí tó bá ìkòkò mu, ó dúró síbẹ̀, ó ń fò. Ẹsẹ̀ ògiri ló ti ń pọ̀, àárín yàrá ló ti ń tán. Ẹ rántí ta ló fara ti ògiri? Bọ̀dá Télọ̀. Ta ló jókòó sáàárín? Bàbá. Àwọn méjèèjì ló jàre! Bọ̀dá Télọ̀ gbọ́ èyí, inú rẹ̀ ò dùn. Ó fẹ́ jàre ní òun nìkan.

Bàbá dìde, ó fa sípíkà méjèèjì síwájú, ojú wọn jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Hùùm lọ, àmọ́ ó kó nǹkan kan dání lọ. Ohùn ìyá ìlù fẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Injiníà ní ohùn tó lọ sẹ́yìn rin ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, ó rin 3 bọ̀, nígbà tó fi dé, èyí tó wà níwájú ti ń lọ sókè, òun ń lọ sódò, ni wọ́n bá pa ara wọn, ní agbègbè ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 95 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ̀dá Télọ̀ ní oògùn ẹ̀ kò ju páálí ẹyin lọ, pé òun ti rí i ní ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tọrọ páálí ẹyin káàkiri àdúgbò fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pálọ̀ rí bí ilé adìyẹ, béèsì ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ìgbì ẹsẹ̀ bàtà 28, báwo ni ẹ̀rù páálí ṣe máa bà á? Ìyá Ìbejì já gbogbo ẹ̀ dànù lọ́jọ́ kẹrin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ń bọ̀ la dé yìí. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Injiníà ní ọ̀nà kan wà. Kí wọ́n gbé sípíkà sórí àga tí Bàbá máa ń jókòó lé, kí Bàbá fúnra rẹ̀ wá lọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n lè gbé sípíkà sí, kó máa fi etí wá ibi tí béèsì ti dọ́gba. Ọ̀nà tí ohùn gbà lọ náà ló ń gbà bọ̀: ibi tó bá ti dùn mọ́ Bàbá létí, bí wọ́n bá gbé sípíkà síbẹ̀, yóò dùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà lórí àga. Wọ́n kọ́kọ́ sún àga kúrò láàárín gbùngbùn, wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 5 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn. Ṣé ẹ mọ àga yẹn? Àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, tí wọ́n lé àna wọn dìde lórí ẹ̀! Wọ́n gbé sípíkà gùn ún. Bàbá Rélùwéè ká ṣòkòtò sókè, ó fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀, ó dijú, ó ń rákòrò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orí sísàlẹ̀, ìdí sókè, Injiníà sì jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn torí pé iná ń ṣẹ́jú.

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Ìbejì wọlé, òun àti àwọn màmá méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé yín, ẹ bá àpótí lórí àga ọkọ yín, tó ń kọrin, tí ọkọ yín ń rákòrò níwájú rẹ̀! Igbe tí obìnrin yẹn ké, mo da epo nù. "Yéè! Bàbá Ìbejì! Kí ló ṣubú lù yín?" Bàbá ò lajú, ó kàn gbọ́wọ́ sókè: "Ẹ dákẹ́, mò ń gbọ́ béèsì." Màmá tó dúró lẹ́yìn, etí ẹ̀ ò já geere, ló bá bi ìkejì pé kí ló lóun ń gbọ́? Ìkejì ní, "Béélísébúbù!"

Hẹ̀! Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń da omi sí Bàbá lórí, èkejì ń bá àpótí orí àga wí, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo fi débẹ̀, Bàbá ti tutù rinrin, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan, ó fi ìka tẹ ilẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ibí ni! Ibí ni! Ẹ má jẹ́ kí n sún!" Injiníà sáré wọlé, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Wọ́n fi tépù irin rélùwéè wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ láti ògiri sí ẹ̀yìn sípíkà, ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Inú ọmọ yẹn dùn pé iye méjèèjì kò dọ́gba, ó ní bí wọ́n bá dọ́gba, wàhálà ibì kan náà ni ògiri méjèèjì ì bá jọ máa fà.

Wọ́n gbé sípíkà síbẹ̀. Ihò ṣí sílẹ̀, kò sí sọ́ọ̀kìsì. Wọ́n yí fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì àlejò bí ẹní, wọ́n gbé e nàró sígun, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Bàbá gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó fi àpàlà sí i. Agídìgbo fọhùn. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì náà jókòó, àwọn náà ń mi orí.

Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n má fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táìlì òun, ó sì ń nù ún lójoojúmọ́, á tún ti sípíkà mọ́ ògiri tó bá ń gbálẹ̀. Bàbá á dé, á fa tépù yọ. Wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá, Bàbá jí kútẹ́ẹ̀sì ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó fi kán ilẹ̀ ní ibi mẹ́rin fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Pupa ni. Bí ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i, ẹ má bèèrè, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni á máa ṣàlàyé.

Èmi nìkan ló ṣòfò. Ife mi tí kì í yé jó láàárọ̀ Sátidé, òun ló máa ń jí mi tẹ́lẹ̀; ó ti dákẹ́ báyìí. Mo sùn kọjá ọjà ní Sátidé tó kọjá, inú bí mi, mo lọ bá a pé kó ti nǹkan rẹ̀ padà sára ògiri. Ó dìde fún mi. Lórí àga yẹn o! Ó ní kí n jókòó gbọ́ ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ, ó dára, gbogbo ẹ̀ ló gún régé. Mo kí i, mo dúpẹ́. Ní ọ̀nà àtijáde, mo gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọjá, béèsì kan rọra gbá mi láyà gbìì, bíi ti tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Télọ̀ ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ sún díẹ̀."